Nọ́ọ̀tù Tí Sípánà Kò Tíì Kàn

Nínú gbogbo àwọn tó ń tún alùpùpù ṣe ládùúgbò náà, kò sẹ́ni tí kò mọ Ìyá Sípánà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń jó irin kárìà tí wọ́n ń gbé ẹrù lé lẹ́yìn alùpùpù, Ìyá Sípánà ló ń fi nọ́ọ̀tù de àpótí mọ́ ọn. Ìlànà tirẹ̀ kì í yí padà: ọwọ́ lásán ló kọ́kọ́ fi ń yí gbogbo nọ́ọ̀tù, á ní kí ẹni tó ni alùpùpù gùn ún kí irin lè jókòó dáadáa, ìgbà náà ni yóò wá fi sípánà fún wọn pa. Bí oníbàárà bá ń kùn, á ní, "Ẹ máa kùn, ẹ ṣáà máa jókòó."

Lílù ló lé e kúrò nílé ọkọ wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n lọ ra irin, ọkọ ọ̀hún ti alùpùpù wọlé pẹ̀lú àpótí tuntun.

"De èyí. Tó o bá ṣe tán, wàá gun ẹ̀yìn mi, ó di ilé."

"Màá de àpótí. Ilé yẹn ni mi ò lọ."

Ọkọ rẹ̀ fọ́ ọ létí. Ìyá Sípánà gbé ẹ̀jẹ̀ mì, ó kúnlẹ̀ ti iṣẹ́, ó ń fa iṣẹ́ náà gùn kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè dé bá a níbẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ yí nọ́ọ̀tù tó kẹ́yìn tán, ó ní, "Gùn ún."

"Kí n gùn ún kó o lè sá?" Ọkùnrin náà fa irun rẹ̀, ó gbá iwájú orí rẹ̀ mọ́ irin kárìà.

Bí a bá lé ewúrẹ́ kan ògiri, yóò yíjú padà buni jẹ. Ìyá Sípánà fi sípánà gbá ọkọ lẹ́nu, eyín méjì sì já bọ́. Ọkùnrin náà gbé e ṣubú, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó fún un lọ́rùn títí ojú rẹ̀ fi ń ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé bá wọn. Ó da irin sílẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó sì ń fi lù ú lẹ́yìn àti léjìká, títí ọkọ fi figbe ta tó sì fò lé alùpùpù.

"Mò ń bọ̀ pẹ̀lú bẹntiróò! Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jóná!"

Ìyá Sípánà mọ̀ pé kì í halẹ̀ lásán. Bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Síbẹ̀, igbe bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Má lọ! Mi ò tíì fún nọ́ọ̀tù pa! Àpótí yẹn máa já!"

Ọkọ bojú wẹ̀yìn, ó fi ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Irọ́! Kí n sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí mi pa!"

Kò tíì dé oríta tí àpótí fi dojú dé. Okùn tí wọ́n fi so ìdérí rẹ̀ lọ́ mọ́ táyà ẹ̀yìn, táyà há, ọkùnrin náà sì fò ṣánlẹ̀ síwájú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Bíréèkì ọkọ̀ náà ké, ṣùgbọ́n ó ti gun orí rẹ̀ kọjá.

"Ṣé ó gbọ́ ohun tó o sọ?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ó gbọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Ìgbà wo ló gbà mí gbọ́ rí?"

Ó jókòó sórí irin tó wà nílẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu sípánà. Inú rẹ̀ dùn, ayọ̀ náà sì ń dẹ́rù bà á.