Aago Márùn-ún Ni Mo Sọ fún Wọn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi jù mí lọ. Nígbà tí ìyá wa kú, mi ò tíì mọ okùn bàtà mi í dè. Iṣẹ́ atẹ̀wé ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n á máa tẹ̀wé táká-táká láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́, wọ́n á sì tún wá bá mi ṣe iṣẹ́ iléèwé lálẹ́. Ọkùnrin méjì ló wá fẹ́ wọn. Kò sí èyí tó fẹ́ gba èmi mọ́ ìyàwó nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi sì lé àwọn méjèèjì padà. Wọn ò bímọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iye ọmọ tí wọ́n ní, wọ́n á ní, "Ọ̀kan ni. Olórí kunkun ni, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ ọ́ rán."

Àǹtí Dédé ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí wọn kì í pẹ́ dé, wọn kì í sì í tètè dé. Bí wọ́n bá fún ọ ní aago mẹ́ta, tí o dé ní mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjì, ìta lo máa dúró sí. Èmi ni wọ́n ń pè ní Kékeré. Mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, orí mi funfun báláú, Kékeré náà ni.

Bí eré ni ìgbàgbé wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á da iyọ̀ sínú tíì, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á máa wá awò ojú wọn kiri nígbà tó wà lójú wọn. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí pálọ̀ kí ojú mi lè máa tó wọn. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, oorun ajá ni mò ń sùn, etí kan là sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ yìí, wọ́n gbé ìkòkò kaná, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Kí èéfín tó dé ọ̀dọ̀ mi nídìí ẹ̀rọ, ìkòkò ti dú bí èédú. Mo pariwo mọ́ wọn. Mi ò lè tún ohun tí mo sọ sọ níbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ sí ẹni tó tọ́ ọ. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n fi àkísà di ìkòkò mú.

Ọmọ mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ó ní, "Màámi, ẹ wá sinmi, ọjọ́ méjìlá péré. Bí ẹ̀yin náà bá ṣubú lulẹ̀, ta ni yóò wá tọ́jú Àǹtí?"

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi òótọ́ tirẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ lọ. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń gbọ́ ìró omi nílé kejì.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò ló júwe ilé ìtọ́jú kan fún mi, níbi tí wọ́n ti ń gba àgbàlagbà fún ọjọ́ díẹ̀ bí ará ilé wọn bá ń rìnrìn-àjò. Mo lọ wò ó. Ilé náà mọ́ tónítóní. Fèrèsé méjì ló wà nínú yàrá tí wọ́n fi hàn mí, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì onírin, àga kan àti kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké. Màtírọ́ọ̀nù wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi bírò há etí bíi káfíńtà, fún mi ní fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin.

"Ẹ mú wọn wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé," ló wí. "Kí wọ́n bá wa jẹun, kí wọ́n mọ ojú wa, kí ẹ sì jọ padà sílé. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì sọ fún wọn o, mà. Ẹ sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Bí orí bá tiẹ̀ gbàgbé, inú á ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí.

Mi ò mú wọn lọ. Ogójì aṣọ iléèwé ló wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ rán tán kí n tó lọ. Ìdí ẹ̀rọ náà ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù ọ̀hún, abẹ́rẹ́ há mi lẹ́nu. Wọ́n béèrè oògùn, mo kọ ọ́ láìku ẹyọ kan. Wọ́n béèrè oúnjẹ, mo kọ ọ́. Wọ́n wá béèrè pé, "Kí ló máa ń bà wọ́n lẹ́rù?" Mo kọ "Kò sí," mo ṣí ewé tó kàn.

Sísọ ọ́ fún wọn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún pa á dé. Mo ní kò ní yé wọn. Mo ní wọ́n á sunkún, mi ò sì ní lè lọ mọ́. Ibi tí òótọ́ wà gan-an nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti gbé báàgì wọn sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó jí. Mo ní a fẹ́ lọ kí àwọn ènìyàn kan. Wọ́n wọ kaba búlúù wọn, wọ́n fi pọ́dà sójú. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń ka gbogbo pátákó ara ṣọ́ọ̀bù sókè, wọ́n ń tún èyí tí a ṣì kọ ṣe.

Ẹ̀rín pa awakọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún."

"Wọn ò ní lè fara da ẹnu mi," ni wọ́n dá a lóhùn.

Nígbà tí a wọ yàrá náà, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n wo fèrèsé kan, wọ́n wo ìkejì, ojú wọn wá bọ́ sórí báàgì tó wà nílẹ̀.

"Kékeré, ṣé báàgì mi kọ́ nìyí?"

"Báàgì yín ni, Àǹtí mi. Aṣọ ìpààrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, bí omi bá dà sí yín lára. Mo fẹ́ sáré lọ ra òwú."

"Ìgbà wo lo máa dé?"

Ẹnu mi ló dáhùn kí n tó ronú. "Aago márùn-ún."

"Márùn-ún dédé?"

"Márùn-ún dédé."

Wọ́n mi orí, wọ́n yí aago ọwọ́ wọn kí ojú rẹ̀ lè kọ sí wọn. Mo jáde.

Ọmọ mi gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Oorun ni mo fi gbogbo ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sùn. Ní ọjọ́ kẹta, mo pe màtírọ́ọ̀nù.

"Wọ́n ń jẹun, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni," ló wí. "Wọ́n ń béèrè yín. Ẹ dúró, kí n gbé fóònù fún wọn."

"Ẹ má gbé e fún wọn," ni mo yára sọ. "Kí ọkàn wọn má baà dàrú."

Ó bi mí pé, "Ọkàn ta ni, mà?"

Mo ní ohùn rẹ̀ ń já, mi ò gbọ́ ọ dáadáa, mo sì pa fóònù. Ohùn rẹ̀ kò já rárá.

Ọmọ mi mú mi lọ wo afárá kan tó gùn bí ìròyìn. Mò ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo fọ́tò tí a yà. Ṣùgbọ́n bó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Láti pápákọ̀ òfurufú ni mo gba ilé ìtọ́jú náà lọ tààrà lọ́jọ́ tí mo dé. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kaba búlúù lọ́rùn wọn, bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì lórí itan. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo rò pé wọ́n á bínú, mo tiẹ̀ ń gbàdúrà pé kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn fi ọwọ́ tún ọrùn aṣọ mi ṣe.

"O ṣeun tí o yà," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Olùtọ́jú kan, ọkùnrin gìrìwò tí àwọn arúgbó ibẹ̀ sọ ní Òkè, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ojoojúmọ́ ni, mà," ló wí. "Bó bá ti di aago mẹ́rin, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á yarun, wọ́n á wá jókòó síbẹ̀ yẹn. Fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó kọjá tí wọn ò sọ fún pé àbúrò àwọn ń bọ̀ ní márùn-ún. Láti ọjọ́ karùn-ún, wọn ò sọ ọ́ mọ́, wọ́n kàn ń jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ká aṣọ àwọn tó kù. Wọ́n ní kí n jẹ́rìí àwọn fún yín pé àwọn ṣì wúlò."

Ó fa bébà kan yọ nínú àpò. "Wọ́n ń pè é, mò ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí yín. Mi ò mọ ibi tí ǹ bá fi í ránṣẹ́ sí."

Mo kà á níbẹ̀, lórí ìdúró:

"Sí àbúrò mi ọ̀wọ́n. Mò ń fi lẹ́tà yìí tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ìkòkò tó jóná. Àìkíyèsára ni, kò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mi ò ní wọ ilé ìdáná láìgbàṣẹ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi ló pọ̀ jù, mo lè dákẹ́. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ nínú ilé, mo bẹ̀bẹ̀ kí a ro tèmi mọ́ ọn. Èmi ni tìrẹ nítòótọ́."

Òkè ló bá mi wá àga.

Nígbà tí a délé, wọ́n di ẹlòmíràn. Wọn ò tún pátákó kankan ṣe mọ́. Wọ́n á fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n á ní, "Kékeré, ṣé mo lè mu omi?" Nínú ilé tí àwọn fúnra wọn ti fún mi ní omi àkọ́kọ́ tí mo fi kọ́pù mu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo jókòó tì wọ́n, mo jẹ́wọ́. Mo ní ìrìn-àjò ni mo lọ, mo ní mo parọ́, mo ní ọ̀rọ̀ ìkòkò kọ́ rárá.

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Ojú wọn mọ́ lọ́jọ́ náà, bíi ti ayé ọ́fíìsì.

"Ìrìn-àjò? Kí ló dé tí o ò sọ? Ǹ bá bá ọ di ẹrù. Láti kékeré lo ò ti mọ ẹrù ú dì."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n fa orí mi mọ́ àyà, wọ́n ní ó ti tán.

Kò tán. Ní ọjọ́ kejì, mo mú àpò láti lọ ra bọ́tìnì, kí n tó wẹ̀yìn, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, báàgì wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti gbàgbé pé mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé pé àwọn dárí jì mí. Ẹ̀rù nìkan ni kò ṣìnà nínú wọn. Mo tún jẹ́wọ́, wọ́n tún dárí jì mí, ilẹ̀ tún mọ́. Bí mo ṣe ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi nìyẹn fún oṣù mọ́kànlá.

Ọmọ mi tún fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, mo dá a padà. Nígbà tí ibà kọlu wọn, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dùbúlẹ̀. Mi ò kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi ayé sílẹ̀, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ mi.

Màtírọ́ọ̀nù wá kí mi. Mo bi í bóyá Àǹtí mi kì bá tí máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ká ní mo ti sọ fún wọn.

"Mi ò mọ̀, mà," ló wí. "Àwọn mìíràn máa ń sunkún síbẹ̀síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí."

Mo ti lọ kí ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Mo máa ń fọ abọ́ tó bá wà nílẹ̀, mo máa ń fi aṣọ bo ẹ̀rọ, mo máa ń fún aládùúgbò mi ní kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dúró díẹ̀ ní pálọ̀. Kò sí ẹni tó kù tí mo lè dágbére fún. Síbẹ̀, mo máa ń dágbére.