Ìgbà Tí Wọ́n Sọ Wendell Di Ògiri

Ẹ bá mi yọ̀. Wọ́n fún ọmọ-ọmọ mi ní ìgbéga: wọ́n sọ ọ́ di ògiri.

Láti kékeré ni Wendell ti ń gbá bọ́ọ̀lù wa yìí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí à ń gbé mọ́yà sá, ìlà ìgbèjà ló sì wà. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Kó ṣáà wo ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, kó ya lù ú, kó gbé e lulẹ̀, kí gbogbo pápá hó yèè. Èmi á jókòó sórí àga pákó, ìdí mi á gba àyè ènìyàn méjì, màá sì ké pé, “Gbé e lulẹ̀, Wendell.” Ọmọ náà kì í dójú tì mí. Ní abúlé wa ní Nebraska, kò sí ẹni tí kò mọ ohùn mi. Àwọn màlúù Ọ̀gbẹ́ni Dvorak pàápàá mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí fún ọdún méjì. Bí yìnyín ṣe ń yọ́ lọ́dún yìí ni Kóòṣì Pruett pè é. Ó ní àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ní ìlà ìgbèjà yára jù ú lọ, ìlà ìkọlù ni kò sì ní ènìyàn, kó kọjá síbẹ̀. Bó bá ṣe dáadáa nínú ìdíje ìgbà ìrúwé, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà máa ń bá ara wọn gbá, yóò wọ pápá nígbà ìwọ́wé, tí ìdíje gidi bá bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣe dáadáa, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ó dá mi lójú pé ẹni tó sọ ìlà méjèèjì lórúkọ ti mutí yó. Àwọn tó pè ní ìgbèjà ló ń ya luni bí akọ màlúù. Àwọn tó pè ní ìkọlù ló ń dúró gba ìyà, kí ẹnikẹ́ni má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Wendell wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú rẹ̀ rọ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

“Màmá àgbà, mo fẹ́ padà wálé wá bá Àǹkù Lyle sin ẹlẹ́dẹ̀.”

“Kí ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà fi ṣẹ̀ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó ń mọ orúkọ ará ìlà ìkọlù. Àfi tí wọ́n bá ṣẹ̀ ni rẹfirí ń dárúkọ wọn.”

“Bàbá àgbà rẹ ńkọ́? Títí ìyá rẹ̀ fi kú ló ń dúró láàrin èmi àti ìyá náà. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún un?”

Orville ọkọ mi kò gbójú sókè kúrò lára ọ̀dùnkún rẹ̀. “Ìyá mi ló lágbára jù,” ló wí.

Mo fa ọmọ náà lọ sẹ́yìnkùlé. Mo gbé Orville jókòó sórí àga, mo ní òun ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Mo ní kí Wendell má jẹ̀ẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó má sì dì mí mú, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ni mo bá sáré. Ẹ má bi mí irú eré tí obìnrin tí orúnkún rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn àká lè sá. Wendell kàn na ọwọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, mo bá ara mi nínú igbó òdòdó.

“Tún un ṣe, ìyàwó mi,” ni Orville wí. “N kò tíì rí ẹ nítòsí mi rárá.”

Mo tún un ṣe títí ewé fi kún irun mi. Nígbà tó yá, Wendell rẹ́rìn-ín.

“Màmá àgbà, ó dùn díẹ̀ o.”

“Dídùn rẹ̀ ń dùn mí ní ìdí,” mo fèsì.

Ọjọ́ ìdíje pé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù máa ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e lulẹ̀. Ẹni bá ti fọwọ́ kàn án péré, rẹfirí á fọn fèrè. Trent lorúkọ rẹ̀, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló sì ń gbé e bí ẹyin. Wendell dúró níwájú rẹ̀, ó ń da àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nù bí àpò àgbàdo. Kò sẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ Trent. Kò sì sẹ́ni tó dárúkọ Wendell. Èmi jókòó, ẹnu ń yún mi.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ni Trent kò rí ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí. Ó gbá a mọ́yà, ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó wá ń sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wendell gẹ́lẹ́. Ta ló rántí pé iṣẹ́ ti yí padà? Ẹnu mi kò rántí.

“Gbé e lulẹ̀, Wendell.”

Ó sì gbé e lulẹ̀.

Ó tilẹ̀ gbé e dáadáa. Ó fi èjìká gba ìbàdí rẹ̀, ẹsẹ̀ Trent méjèèjì wo ọ̀run. Kóòṣì Pruett bọ́ fìlà, ó fi eyín bù ú jẹ. Orville sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Wọ́n yọ Wendell jáde. Bí wọ́n ṣe parí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Kóòṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Wendell dúró síwájú rẹ̀, ó gbé akoto dání bí ẹni tó ń sìnkú.

“Kóòṣì, ohùn mi ló fà á,” mo wí.

“Màmá, a gbọ́ ohùn yín.” Ó yíjú sí Wendell. “Ẹni mélòó ló kan Trent lónìí?”

“Ẹnì kan, sà.”

“Ta ni?”

“Èmi ni, sà.”

Kóòṣì fọwọ́ nu ojú. “Gbogbo àwọn tí mo ní kí wọ́n lé e, ìkankan ò débẹ̀. Ìwọ tí mo ní kó o ṣọ́ ọ lo pa á. Báwo ni kí n ti ṣe ọ́ báyìí?”

Mo mọ̀ pé Wendell ti ń gbóòórùn ẹlẹ́dẹ̀ Lyle.

Trent ló tiro dé, koríko wà láàrin eyín rẹ̀. “Kóòṣì, tẹ́ ẹ bá dá eléyìí padà sí ìgbèjà, èmi ló máa máa lé kiri lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró síwájú mi, kó kẹ́yìn sí mi, mo bẹ̀ yín.”

Kóòṣì wò ó, ó wo Wendell, ó wo fìlà rẹ̀ tó ti ya.

“Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Apá ọ̀tún ìlà ìkọlù ni wàá dúró sí. Màmá, tó bá di ìgbà ìwọ́wé, ẹ máa jẹ nǹkan kí ẹnu yín lè dí.”

“Wendell, wá wọ mọ́tò,” ni Trent wí. “Èmi ni mo máa ń bọ́ àwọn tó ń dúró níwájú mi lẹ́yìn ìdíje. Àwọn tó kù ti ń dúró.”

Ọmọ náà wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti sun ẹran màlúù pẹ̀lú ọ̀dùnkún, mo sì gbé e wá. “Màmá àgbà, oúnjẹ yín ńkọ́?”

“Máa lọ, ọkọ mi.”

Wọ́n rún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kan, gbogbo wọn tóbi bí àká, táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Èmi àti Orville ṣí ìkòkò nínú búùtù mọ́tò wa, a ń fọwọ́ jẹ ẹ́, torí pé èmi ọlọ́gbọ́n gbàgbé fọ́ọ̀kì sílé. Orville bi mí bóyá ó dùn mí pé ọmọ náà kò dúró jẹun. Mo ní kó kọ́kọ́ sún ọ̀dùnkún yẹn mọ́ mi ná.