Omi Tó Mọ́ Jù

Omi tó mọ́ gaara dára fún mímu. Nínú adágún edé, ebi ni. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti là á mọ́lẹ̀ pé bí edé kò bá sanra lọ́tẹ̀ yìí, yanrìn lòun máa fi dí adágún Bàbá wa, kí òun fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbájú mọ́ iṣẹ́ náà bí ẹni pé wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ láti ọ̀run. Mo fa omi gbẹ, mo jẹ́ kí oòrùn pa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ títí ilẹ̀ fi lanu. Mo po oògùn ilẹ̀ mọ́ èérí àgbàdo títí ó fi kan, mo sì wọ́n ọn káàkiri. Oògùn yìí kì í pa nǹkan o. Kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló wà nínú rẹ̀, àwọn ló ń jẹ ẹrẹ̀ tó ti jẹrà, tí ilẹ̀ á fi dára, tí omi á sì máa hu oúnjẹ edé fúnra rẹ̀. Mo dá omi padà, mo kó ọmọ edé sí i.

Kò pẹ́ tí omi náà fi pọ́n bíi tíì. Inú mi dùn, torí oúnjẹ nìyẹn. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ìsàlẹ̀ adágún kedere. Mo tún wọ́n oògùn, omi tún pọ́n, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Àwọn edé ń rù. Mo gba ìsọ̀ ẹni tó ta oògùn fún mi lọ, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i.

"Oògùn mi kì í ṣe ayédèrú, màdámù," ló wí. "Ẹ lọ wo ilé yín."

Mo pè é ní olè. Mo délé, mo bá Bàbá létí adágún. Ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ṣí ojú ọ̀nà omi sílẹ̀, omi tuntun ń wọlé lápá kan, oúnjẹ edé mi ń ṣàn lọ sínú gọ́tà lápá kejì. Ó tún ń súfèé.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń bá ọ tún un ṣe ni. Ṣé bí omi ṣe dọ̀tí yìí lo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá bá a?"

"Ìdọ̀tí yẹn ni wọ́n ń jẹ, Bàbá."

"Lọ́dún tí gbogbo edé mi kú, omi dúdú ni. Mi ò rí wọn títí wọ́n fi léfòó. Látìgbà náà, tí mi ò bá rí ìsàlẹ̀ omi, mi ò lè sùn."

"Ẹrẹ̀ tó jẹrà ló pa wọ́n. Kì í ṣe àwọ̀ omi."

Ó rọra ti ojú ọ̀nà omi pa, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi dé. Omi náà mọ́ débi pé kò síbi tí àwọn edé mi lè fi rírù wọn pamọ́ sí.

"Ó ti yé gbogbo wa báyìí," ló wí. "Kí ọkọ̀ yanrìn máa bọ̀."

Bí mo bá sọ òótọ́, Bàbá ni mo máa dójú tì.

"Èmi ni mo da oúnjẹ wọn nù," ni Bàbá wí. "Kò sì sí ọkọ̀ yanrìn kankan tó ń bọ̀. Èmi ni mo gbẹ́ adágún yìí, èmi ni mo ni ín. Ó di ìgbà tí mo bá kú."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ṣe ló ń bí mi. Ọ̀rọ̀ tó máa parí ìjà ti wà lẹ́nu bàbá yìí látọjọ́ yìí, èmi sì ń bá ẹrẹ̀ jìjàkadì.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó ń tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. Kò wojú mi.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì," ló wí, "ta ló bi mí?"