Pákó Ẹ̀yìn Wọ́dà Tuntun

Fìlà ló ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójú àlá Oyèníran. Màdáámù Àjíbóyè, ọ̀gá wọ́dà tó ni fìlà náà, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, kò sì dá sí ọ̀rọ̀ kankan. Fìlà wà lórí tábìlì, ó kọjú sí àwọn tó fẹ́ di wọ́dà, ó ń sọ ohun tí ìjọba ń fẹ́ lára wọn. Kò sẹ́ni tó rò pé nǹkan ṣe. Oyèníran tilẹ̀ ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohùn fìlà yìí já gaara ju ti àwọn olùkọ́ tó kọ́ òun nílé ìwé lọ.

"Wọ́dà gbọ́dọ̀ ga," ni fìlà wí. "Àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní onídùúró. Èyí tó wá ju gbogbo ẹ̀ lọ, wọ́dà kò gbọdọ̀ kí ẹlẹ́wọ̀n. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá sì kí i, kò gbọdọ̀ dáhùn."

Ara Oyèníran bù máṣọ. Ọmọ tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní ìkíni ni. Bó bá ti rí àgbàlagbà, ikùn rẹ̀ á ti kanlẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó dá ẹni náà mọ̀. Ládùúgbò wọn, ó ti dọ̀bálẹ̀ rí fún agbádá tí wọ́n sá sórí okùn.

"Bí ẹlẹ́wọ̀n náà bá dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ ńkọ́, Ọ̀gá?" ló béèrè.

"Ì báà dàgbà ju òkè lọ," ni fìlà dáhùn. "Ẹni tó bá kí ẹlẹ́wọ̀n ti gba ipò rẹ̀ nìyẹn. Ẹlẹ́wọ̀n á jáde, ìwọ á wọlé. Bẹ́líìtì mọ ẹni tó ń bá lọ."

Màdáámù Àjíbóyè fi eyín gé òwú, ó mú bọ́tìnnì mìíràn.

Àkàbà ni wọ́n fi wọn gíga wọn. Nígbà tó kan Oyèníran, àkàbà ní ó kù díẹ̀. Oyèníran bẹ̀ ẹ́, ó ní kó fojú àánú wo òun, òun níyàwó nílé. Àkàbà ronú sí i, ó yọ ìtẹ̀sẹ̀ kan kúrò lára ara rẹ̀, ni Oyèníran bá ga tó. Wọ́n ní kó mí sínú kí wọ́n wo àyà rẹ̀. Ó mí sínú, ó fa kọ́tìnnì ojú fèrèsé àti adìẹ Màdáámù wọlé, wọ́n sì gbà pé àyà náà fẹ̀. Adìẹ jáde nígbà tó yá. Kò bínú.

Ìgbà tí wọ́n fi dé orí ọ̀rọ̀ onídùúró, kíláàsì ti di ẹ̀yìnkùlé Alájì Múdà, aládùúgbò Oyèníran. Àgbò tí Alájì pa ní Iléyá tó kọjá ló yọjú pé òun lòun máa dúró fún un. Oyèníran wolẹ̀, nítorí wọ́n bu ẹran náà fún òun náà lọ́jọ́ tí wọ́n pa á.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni àgbò sọ fún fìlà. "Àràárọ̀ ló ń gba iwájú mi kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tú okùn ọrùn mi. Á kàn ní, 'Ẹ kú ìjókòó o,' á sì bá tiẹ̀ lọ. Kì í tú èèyàn sílẹ̀."

"Ẹ̀rí tó dáa nìyẹn," ni fìlà wí.

"Ẹ má bínú, sà," ni Oyèníran sọ fún àgbò.

"Ṣé mo dùn?"

"Ẹ dùn, sà."

"Ó tán," ni àgbò wí. Ó fi pátákò lu ilẹ̀ ní òǹtẹ̀, ó sì pa dà síbi tí wọ́n ti jẹ ẹ́.

Ìkíni ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu atayán-an-yàn-an. Wọ́n to àga sí pápá, wọ́n gbé agbádá àwọn àgbàlagbà jókòó sórí wọn, wọ́n ní kí Oyèníran gba iwájú wọn kọjá láìkí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún agbádá àkọ́kọ́. Ó dìde, ó gbọn eruku, ó dọ̀bálẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó kí gbogbo wọn tán, ó bẹ géètì pé kó má bínú, òun ò tètè rí i.

Kí ẹ má baà rò pé eré ni ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀, iṣẹ́ yìí ká a lára gan-an ni. Ìyàwó rẹ̀ ti ń pe ara rẹ̀ ní Ìyàwó Wọ́dà létí kànga. Èyí tó tún wúwo ju ìyẹn lọ ni pé nítorí iṣẹ́ yìí ló ṣe fi ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wá já kulẹ̀, kí ni yóò sọ pé òun tìtorí ẹ̀ lọ?

Káfíńtà ni bàbá náà, ó sì ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọ́dà nílé òun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Oyèníran ń lọ wá iṣẹ́ wọ́dà, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàámi. Mo ti ń lọ o." Ìṣó kún ẹnu bàbá, bí àwọn káfíńtà ṣe máa ń kó o sẹ́nu kí ọwọ́ wọn lè ráyè. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbá ìṣó kan wọ pákó, kò dáhùn. Oyèníran dọ̀bálẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi tutù. Nígbà tó sú u, ó dìde, ó lọ. Bàbá náà kú lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti sin ín kí ó tó pa dà dé. Láti ìgbà náà, kò mọ̀ bóyá ìbínú ni kò jẹ́ kí bàbá òun dáhùn, tàbí ìṣó. Ó ń dùn ún ju ikú náà fúnra rẹ̀ lọ.

"Ẹ gbé pákó wá," ni fìlà wí.

Wọ́n gbé pákó gbọọrọ kan wá, wọ́n so ó mọ́ Oyèníran lẹ́yìn láti ìpàkọ́ dé ìdí, kó má baà lè tẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó gba iwájú àwọn agbádá kọjá ganganran. Inú bí àwọn agbádá. "Ọmọ ta rèé?" ni ọ̀kan wí. "Ẹ wo bó ṣe ń yan lójú àgbà! Ilé tí wọ́n ti bí i ò ní ẹ̀kọ́ rárá." Omi bọ́ lójú Oyèníran, ṣùgbọ́n kò kí wọn. Fìlà ní ó káre.

Ibẹ̀ ló ti gbóòórùn pákó náà. Òórùn ìrókò àti ewé tábà ni, òórùn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

"Dúró dáadáa," ni pákó wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́ ni? Orí mi ni bàbá rẹ ti ń la gbogbo igi tó fi tọ́ ẹ dàgbà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀," ni Oyèníran wí. "Wọ́n máa gbọ́."

Wọ́n di bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ, wọ́n fún un ní bàtà tuntun. Bí ó ti wọ bàtà náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tàkurọ̀sọ. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi," ni bàtà ọ̀tún wí. "Kò tóbi, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀," ni tòsì dá a lóhùn. Ojú ti Oyèníran. Ó ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́.

Ìgbà yẹn ni Màdáámù Àjíbóyè gbójú sókè nínú ìránṣọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sọ̀rọ̀," ló wí. "Òfin ò dé ọ̀dọ̀ bàtà." Ó sì pa dà sídìí bọ́tìnnì.

Ìdánwò tó kẹ́yìn ò le. Kí ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ, kí ó ti yàrá tó wà lópin, kí ó sì pa dà kí ẹ̀wà tí wọ́n gbé kaná tó jinná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn débi pé òjò ń rọ̀ lápá kan, oòrùn mú lápá kejì. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yọjú láàárín irin, wọ́n ń kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Wọ́dà! Ẹ kú òjò o! Ilé ńkọ́?" Oyèníran gé ètè jẹ. Ó gbìyànjú láti má ronú nípa ẹni tó bí òun. Télọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní yóò jáde lọ́la. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún un pé lọ́la ni, télọ̀ náà sì mọ̀ pé torí aṣọ wọ́dà tí òun ń rán fún wọn ni.

Bàbá rẹ̀ ló wà ní yàrá tó kẹ́yìn.

Ó jókòó sórí àpótí, ó wọ aṣọ tí wọ́n fi sin ín, ó sì ń tún ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń tì í mọ́lé ṣe, nítorí ó ti wọ́ díẹ̀. Ìṣó kún ẹnu rẹ̀. Ó wo Oyèníran gẹ́gẹ́ bó ṣe wò ó lọ́jọ́sí.

Oyèníran rántí bẹ́líìtì. Ó rántí ìyàwó rẹ̀ létí kànga. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Ọ̀gá mi nìyí," ni pákó wí, ló bá dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n jọ lọ sílẹ̀ ni, gbìì. Ká má parọ́, pákó ló ṣáájú, ṣùgbọ́n Oyèníran ò bá a jà. Inú rẹ̀ dùn pé ilẹ̀ sún mọ́ òun. Ọ̀sán ti pọ́n, àmọ́ ìkíni ọjọ́sí ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀, Bàámi," ló wí.

Lọ́ọ̀ọ́kán, fìlà figbe ta. Òórùn ẹ̀wà tó jóná gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá náà gbé òòlù sílẹ̀. Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó o lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣófo, ó nu ètè, ó wúkọ́, ó la ẹnu láti dáhùn.

Bẹ́líìtì tú. Ó kúrò nídìí Oyèníran, ó lọ dì mọ́ bàbá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ lé e. Bàtà bọ́ra wọn lẹ́sẹ̀ ọmọ, wọ́n wọ ẹsẹ̀ bàbá, wọn ò sì bá a jiyàn. Pákó tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dábùú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn rọra pa dé láìdún pínpín, nítorí káfíńtà gidi ló tún un ṣe. Bàbá ti wà níta, Oyèníran ti wà nínú.

"Bàámi," ni Oyèníran wí láàárín irin. "Mo ní ẹ káàárọ̀."

Ìdáhùn ṣì wà lẹ́nu bàbá náà, Oyèníran rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ti di wọ́dà báyìí, kò sì sí iṣẹ́ tó gbà rí tó fi ṣeré. Ó pa ẹnu dé. Ó fa bẹ́líìtì gírígírí, òun tó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọ́dà nílé òun, ó yí pa dà, ó ń lọ.

"Ẹ wò ó!" ni fìlà ń pariwo. "Ẹ wo wọ́dà bí ẹ bá fẹ́ wo wọ́dà! Kò dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ lóhùn!"

"Òo," ni bàtà ọ̀tún wí.

"Òo, ọmọ mi," ni tòsì wí. "Káàárọ̀ o."

Bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba iwájú télọ̀ kọjá, wọ́n gba inú òjò kọjá bọ́ sínú oòrùn. Oyèníran ṣì dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń gbọ́. Ó kó ìṣó náà sẹ́nu, wọ́n ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.