Ohùn Mẹ́ta Péré fún Afẹ́fẹ́ Òkun

Ẹ̀ṣẹ̀ tí Sugimori Chizuru ṣẹ̀ ni pé orin rẹ̀ dùn jù.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Bàbá rẹ̀ ń tún dùùrù ṣe ní Himeji, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe orin ní ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní Osaka. Lọ́dún 1987, wọ́n ní kó ṣe orin fún Afẹ́fẹ́ Òkun, géèmù eré-ìje mọ́tò tí wọ́n kọ́ sínú ẹ̀rọ ńlá fún àwọn ilé géèmù ìgboro. Ìjókòó rẹ̀ ń mì, ó ní ọwọ́ ìdarí bíi ti mọ́tò gidi, sípíkà méjì sì wà lẹ́bàá etí awakọ̀. Chizuru ṣe orin náà tán, ni ohun tí ojú ò rí rí bá ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn á sọ owó ẹyọ sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á wa mọ́tò náà dé etí òkun, wọ́n á sì páàkì. Ó parí. Wọ́n á fẹ̀yìn tì, wọ́n á dijú, wọ́n á máa gbọ́ orin títí àkókò wọn á fi pé.

Ilé-iṣẹ́ pe ìpàdé lé e lórí. Hirayanagi, ọ̀gá ọjà, ló kọ́kọ́ dìde.

"Àwọn oníbàárà wa ò forí sọ igi mọ́," ó ní, bí ẹni tó ń túfọ̀. "Ẹni tó bá forí sọ igi ni inú ń bí, ẹni tí inú ń bí ló ń tún owó jù sí i. Ta ni inú máa bí níbi tí orin ti dùn báyìí?"

Wọ́n kọ̀wé ìkìlọ̀ fún Chizuru pé kó má ṣe tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn kọjá ààlà mọ́.

Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n fẹ́ gbé Afẹ́fẹ́ Òkun wọ ilé onílé, sínú ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ọmọdé ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ ńlá tìgboro ní ohùn mẹ́jọ tó lè dún pọ̀. Mẹ́ta péré ni ti kékeré yìí. Àfi bí ìgbà tí èèyàn lé akọrin márùn-ún kúrò nínú ẹlẹ́ni mẹ́jọ, tó wá ní kí àwọn tó kù kọ ọ́ kó kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Chizuru gbà pé ó ṣeé ṣe. Ó ti ń gé orin náà kù lórí ìwé nígbà tí wọ́n pè é sípàdé.

Ọkùnrin mọ́kànlá ló jókòó yí tábìlì ká. Kuramochi, ọ̀gá ẹ̀ka Chizuru, wà nítòsí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin yìí máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀gá tó la ẹnu. Tatsumi, ọ̀gá àgbà, jókòó sí àárín. Ní ìkángun tábìlì náà ni Isogai, bàbá arúgbó tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, tó ń sùn.

"Mọ́tò tí a ò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀," ni Tatsumi sọ, "kí la fẹ́ máa pè é? Ọmọlanke ni! Mo fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Wọ́n fún ẹ́ńjìnnì ní ohùn kan.

"Táyà gbọ́dọ̀ ké," ni Hirayanagi sọ. "Tí mọ́tò bá yí kọ́nà tí táyà ò ké, ta ló máa mọ̀ pé ó yí kọ́nà?"

Wọ́n fún táyà náà ní ohùn kan.

Ibẹ̀ ni Isogai ti lajú. "Ìró owó ńkọ́?"

"Owó wo ni, Isogai-san?" ni ẹnì kan bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Owó tó ń bọ́ sínú ẹ̀rọ! Ṣin-in! Ìró yẹn ló tọ́ gbogbo yín dàgbà. Kí àwọn ọmọdé máa gbọ́ ọ nílé, kí wọ́n má baà gbàgbé."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ojú ihò tí ọmọdé ti ń sọ owó sínú ẹ̀rọ nínú yàrá bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa so ṣaworo mọ́ ológbò lọ́rùn?

"Ọgbọ́n àgbà nìyẹn!" ni Kuramochi pariwo. Gbogbo wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Chizuru na ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì gba ọ̀kan, táyà gba ọ̀kan, owó gba ọ̀kan. Mẹ́ta ti pé. Orin ńkọ́?"

Gbogbo ilé dákẹ́ bí ẹni pé ó só sí wọn láàárín.

"Orin?" ni Tatsumi dáhùn. "Kó wà bó ṣe wà. Kó má yàtọ̀ rárá sí ti ìgboro."

"Kò ní yàtọ̀, ọ̀gá," ni Kuramochi wí, ìpàdé sì tú.

Chizuru padà sí tábìlì rẹ̀. Nagatsuka, tó ń kọ ètò tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé.

"Ohùn mélòó ni wọ́n ṣẹ́kù fún ẹ?"

"Òdo."

"Òdo yẹn, ṣé ó dá ẹ lójú pé kò tún sẹ́ni tó fẹ́ gbà á?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Odidi ọjọ́ méjì ni kò ṣe nǹkan kan, àfi kó máa fi ìka tẹ dùùrù tí wọn ò tan iná sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó dúró létí títì, ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa dá ọkọ̀ dúró kó lè sọdá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń pọ́n òkè kékeré bọ̀, awakọ̀ rẹ̀ ń yí jíà. Ìró ọkọ̀ náà gòkè, ó já wálẹ̀, ó tún gòkè. Ọmọ ẹni tó ń tún dùùrù ṣe kì í gbọ́ ìró lásán. Chizuru ti dárúkọ ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kàn rẹ̀ bí ohùn orin kí ọkọ̀ náà tó kọjá. Wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì máa dún. Èwo nínú wọn ló ní kó má kọrin?

Ó sáré padà wọ ọ́fíìsì. "Nagatsuka, orí kọ́nà ni táyà ti ń ké, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ń pinnu ibi tí kọ́nà máa wà?"

"Èmi ni." Nagatsuka gbé ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. "Sugimori, kí lo fẹ́ fi mí ṣe?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n fi ìsàlẹ̀ orin, ohùn tó nípọn, lé ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́: bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré tó, ohùn rẹ̀ á máa gòkè láti àtẹ̀gùn kan dé òmíràn. Táyà ló gba orí orin náà, ìlà tí èèyàn ń fi ẹnu kọ. Níbikíbi tí orin bá ti fẹ́ ké, ibẹ̀ ni Nagatsuka gbé kọ́nà sí. Ó ní kọ́nà kan tó fẹ́ràn bí ọmọ, lẹ́bàá ilé iná ojú òkun. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jà kó tó gbà kí wọ́n gbé e síwájú díẹ̀. Ìró owó di agogo kékeré tó ń ta ṣin-in láàárín wọn. Nígbà tí Nagatsuka wà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn méjèèjì wo ara wọn. Orin náà nìyẹn, ó pé.

Àléébù kan ló ní. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ wà nìkan ló lè gbọ́ ọ.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, àwọn ọkùnrin mọ́kànlá tún jókòó. Tatsumi ní òun fúnra òun ni òun máa wà á. Ó tó ogún ọdún tí awakọ̀ ti ń gbé ọ̀gá yìí kiri.

Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora bíi màlúù tí inú ń run. Kọ́nà kìn-ín-ní dé, kò yí i. Ó yí i nígbà tí kọ́nà ti kọjá. Táyà ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó kọlu igi ọ̀pẹ kan, ó kọlu èkejì, ó sì wa mọ́tò náà wọ inú òkun.

"Òkun náà ló sún mọ́ ọ̀nà jù, ọ̀gá," ni Kuramochi sọ. "Nagatsuka! Ta ló ní kó o gbé òkun síbẹ̀?"

Nagatsuka dojú bolẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Màá sún òkun sẹ́yìn."

"Orin tí ẹ ní kò ní yàtọ̀ nìyí?" ni Tatsumi bi wọ́n.

"Awakọ̀ ni orin náà ń tẹ̀ lé, ọ̀gá," ni Chizuru dáhùn.

Ikọ́ gbé Kuramochi. Ó wú u títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó hàn gbangba pé kò fẹ́ kó tán. Àárín ikọ́ yìí ni Ogino-san, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tó ń gbé tíì fún wọn, gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, tó sì tẹrí ba.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú díẹ̀, kí ẹ mu tíì yín kó tó tutù."

Wọn ò mọ̀ pé ilé géèmù ni Ogino-san ti ń lo ìsinmi ọ̀sán rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin wá. Ó jókòó, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì ta ọkọ̀ náà jáde bí ọfà. Ẹ́ńjìnnì dìde láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn. Táyà kọ ìlà kìn-ín-ní, ó kọ èkejì, agogo dá sí i. Isogai jí, kò sì sùn mọ́. Chizuru, tí kò tíì gbọ́ orin náà láti ọwọ́ àjèjì rí, dojú kọ ògiri kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Nígbà tó parí, Tatsumi rọra gbé ife kalẹ̀.

"Ẹ rí i?" ó ní. "Mo ti bá a mú ẹ́ńjìnnì gbóná."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Géèmù náà jáde, ó sì tà bí omi. Láyé ìgbà yẹn, ilé-iṣẹ́ kì í jẹ́ kí orúkọ òṣìṣẹ́ hàn, kí àwọn abánidíje má baà jí wọn gbé. Kuramochi ló máa ń sọ wọ́n lórúkọ mìíràn, oúnjẹ ló sì sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó hàn ní òpin géèmù ni pé Àlùbọ́sà ló ṣe orin. Nínú ìwé ìròyìn, Tatsumi gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ó ní ọdún mẹ́wàá ni òun fi ronú bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè máa kọrin. Wọ́n gbé Kuramochi ga nítorí ìdúróṣinṣin rẹ̀. Wọ́n ra àwo tíì tuntun fún Ogino-san.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà kan dé láti Aomori, láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Kasai Yae, tó ń gbin ápù.

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló ni géèmù náà," ó kọ ọ́, "ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá forí sọ igi nínú wọn, mò ń gbá a létí, torí ó ti ba orin jẹ́. Gbogbo wọn ti mọ ọkọ̀ wà báyìí. Jọ̀ọ́, ta ni Àlùbọ́sà? Mo ti ń gé àlùbọ́sà láti kékeré, kò sí èyí tó kọrin fún mi rí."

Káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ni ẹ̀ka ọjà fi ń fèsì irú èyí. Chizuru ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì, ó fi orúkọ gidi sísàlẹ̀, ó sì lọ fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Nígbà ìkórè, àpótí ápù kan dé ọ́fíìsì. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: Sugimori Chizuru, tó ń mú mọ́tò kọrin.

Ìpàdé tún di dandan. Ṣé ẹni tí kò lórúkọ lè gba ẹrù tó lórúkọ rẹ̀ lára? Wọ́n jiyàn fún wákàtí méjì. Wọ́n fẹnu kò pé ilé-iṣẹ́ ló ni ápù náà, wọ́n sì pín in bí ipò bá ṣe ga sí. Chizuru rí ọ̀kan gbà, èyí tó ti fara gbọgbẹ́ lójú ọ̀nà. Ó jẹ ẹ́ tán pátá.

"Ó dùn o," ni Kuramochi sọ bó ṣe ń kọjá pẹ̀lú tirẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tó di oṣù kẹta, Chizuru kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kó tó wá iṣẹ́ mìíràn, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Aomori. Ìyá àgbà náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kò gbà á gbọ́. Ó ní kó kọ ìsàlẹ̀ orin náà kóun gbọ́. Chizuru kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Áà, ìwọ ni lóòótọ́. Wọlé, wọlé." Ó gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í. "Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ẹ́. Ibi tí orin náà ti já wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn afárá yẹn, kí ló dé tó o fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Ó máa ń gún mi láyà."

Látìgbà tí Chizuru ti ń ṣiṣẹ́ orin, ẹnikẹ́ni ò bi í nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé igi méjì tó fi ń jẹun sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ìrẹsì náà tutù, ìyá àgbà bù ú padà, ó bu òmíràn wá, kò sì dá a lẹ́nu dúró.