Téèpù Mẹ́rin fún Ìbàdí Kan

Aránṣọ ni ọkọ mi. Iṣẹ́ dá múṣémúṣé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ọmọ wa, làákàyè rẹ̀ a fò lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó sanra débi pé àga ilé ìwé ń há mọ́ ọn nídìí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń pè é!

Àjà kẹta ni kíláàsì rẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń jókòó sinmi lórí àtẹ̀gùn kó tó débẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀rù bà mí, mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní ká má febi pa á, ká má sì bú u. Gbogbo ilé ni kó yí oúnjẹ padà, kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé, kí gbogbo wa jọ máa rìn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ká wọn ìbàdí ọmọ, ká sì kọ ọ́ sínú ìwé.

"Wíwọ̀n kẹ̀?" Ọkọ mi gbé àyà sókè. "Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, íǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọmọ bú sẹ́kún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di méjìlélọ́gbọ̀n. Ní ìkẹta, ọgbọ̀n. Ní ìkẹrin, méjìdínlọ́gbọ̀n! Bàbá ra kéèkì ńlá, a fi ṣàjọyọ̀. Ṣùgbọ́n kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i: ẹ̀ẹ̀mẹrin orí àtẹ̀gùn di ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ọ̀gá ilé ìwé ló tú àṣírí láìmọ̀. Ó wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi gbàgbé, ó fi téèpù tó fi ń wọn ọmọ ní ọjọ́ Ẹtì wọ̀n ọ́n, ó wá fi téèpù gidi gé aṣọ. Ṣòkòtò ò kọjá orúnkún. Ẹ̀yin náà á rò pé ọ̀gá á bínú. Rárá o! "Téèpù ní mo ti jò," ló wí. "Aṣọ yín ló súnkì." Ó fi tipátipá wọ̀ ọ́, ó wá ń rìn bí igi, ó ń ròyìn téèpù náà kiri. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èrò ti kún ṣọ́ọ̀bù wa, gbogbo wọn ń bẹ̀bẹ̀ fún téèpù yẹn. Gbogbo àdúgbò ń sé èémí, bọ́tìnnì ń ta bíi gúgúrú, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá nọ́ńbà rẹ̀ padà.

Mo já wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ọkọ mi nìyẹn pẹ̀lú bírò àti ọ̀já aṣọ funfun, ó ń fa ìlà íǹṣì tó gùn ju íǹṣì gidi lọ. Irú téèpù bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ti so kọ́ ara ògiri. Ìkẹrin ló ń parí lọ́wọ́, fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ṣé orí yín pé?"

"Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní kékeré," ló wí, kò gbójú sókè. "Mi ò fẹ́ kí nọ́ńbà tún pa á lẹ́kún."

Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ibẹ̀ la wà tí ọmọ fi wọlé láti ilé ìwé, òógùn bò ó, báàgì ń wọ́ nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ní mo ti jò. Kí ló dé tí àtẹ̀gùn ò tíì gbọ́?"

Ọkọ mi fi sísọ́ọ̀sì gé téèpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó mú téèpù gidi: íǹṣì márùndínlógójì.

"Ẹ kọ ọ́," lọmọ wí. Bàbá ló sunkún. Ọmọ gba téèpù, ó yí i mọ́ bàbá rẹ̀ nídìí: mẹ́rìndínláàádọ́ta. "Ẹ kọ ìyẹn náà."

Bí téèpù gidi ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn oníbàárà sá lọ. Ọ̀gá ilé ìwé ń sọ kiri pé òpùrọ́ ni ọkọ mi, pé téèpù rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gun àtẹ̀gùn ilé ìwé. Kò tíì ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ tí ọkọ mi fi jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti kọjá rẹ̀. Ó fara ti ògiri lókè, òun náà ń mí.

"Ẹ rọra, bàbá," ló wí. "Mo ń dúró dè yín."