Ṣé Ká Dúró De Pentium Four?

Bí Hàmdálàt Rájí bá fẹ́ sún àwòrán ẹyẹ kan gòkè díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á tẹ bọ́tìnì, á dìde lọ bu omi mu, á padà dé, àwòrán náà ò sì ní tíì kúrò níbi tó wà. Yàrá kan ló háyà ní Ṣómólú láàárín àwọn atẹ̀wé. Òun ló ń bá wọn to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ewé kí iṣẹ́ tó lọ sórí ẹ̀rọ. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, kò sí èyí tó ni kọ̀ǹpútà náà lára, àfi ìgbà tí Bàbá Ikúmápàyí gbé ìwé ẹyẹ wá.

Tíṣà ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ní Bàríga. Ogún ọdún ló fi ń kọ orúkọ àwọn ẹyẹ tó mọ̀ láti kékeré sílẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọgọ́ta nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ewé mẹ́fà péré ni Hàmdálàt tíì rí tò.

Ọdún 2000 ni. Ìjọba alágbádá ti lé lọ́dún kan, gbogbo ènìyàn ló ń retí nǹkan tuntun. Hàmdálàt lọ bá Fọláhàn tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Onípánu, ó ní òun fẹ́ ra Pentium Three.

“Àǹtí, ẹ ní sùúrù,” Fọláhàn sọ. “Pentium Four ń bọ̀ kọ́dún tó parí. Tẹ́ ẹ bá ra Three báyìí, ẹ máa kábàámọ̀.”

“Ṣó o ti fojú rí i?”

Fọláhàn rẹ́rìn-ín. “Inú magasíìnì ni mo ti kà á.”

Hàmdálàt padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Nígbà tí Bàbá dé lọ́sàn-án, ó sọ ohun gbogbo fún un. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè fún mi láyè di Kérésì?”

Bàbá ò bínú. “Kí ni Pentium yìí gan-an?”

“Òun ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sà.”

“Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ọpọlọ ló ń falẹ̀?”

Hàmdálàt bojú wo kọ̀ǹpútà náà. Kò bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ. “Ṣí àwòrán ẹ̀lúùlú fún mi.”

Hàmdálàt ṣí i. Bàbá ò wo àwòrán, àpótí kọ̀ǹpútà tó wà nísàlẹ̀ ló ń wò. “Iná pupa kan ń ṣẹ́jú níbí. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?”

“Ti díìsìkì ni, sà, ibi tá à ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí. Tó bá ń mú nǹkan níbẹ̀, iná á máa ṣẹ́jú.”

“Ṣebí o ti ṣí àwòrán náà tán? Kí ló tún ń lọ mú?”

Wọ́n pa ẹ̀lúùlú dé, wọ́n ṣí lẹ́tà kan. Iná náà dákẹ́. Wọ́n ṣí ẹ̀lúùlú padà, iná tún bẹ̀rẹ̀, kò sì tètè dáwọ́ dúró. Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí iná náà fi kú: ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó máa ń mú káàkiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì gbé àpótí náà sínú takisí, ó di Onípánu. Bàbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí. Fọláhàn gba àpótí náà, ó gbé e sórí tábìlì.

“Bàbá, mẹ́mórì ni. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ sí tó bá ń ṣe é lọ́wọ́. Ti Àǹtí kéré jù, kò gba àwòrán yín tán. Ìyókù ló ń sáré lọ kó sí díìsìkì, tó tún ń sáré lọ kó wá.”

Ó tú àpótí náà, ó ki mẹ́mórì tuntun kan bọ̀ ọ́, pẹlẹbẹ bí òòyà, ó sì tan án. Hàmdálàt ṣí ẹ̀lúùlú. Iná pupa ṣẹ́jú díẹ̀, ó kú.

“Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá,” Bàbá kéde.

Hàmdálàt sún ẹyẹ náà gòkè, ó sún un wálẹ̀, ó tún sún un gòkè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. “Mi ò ra Three, mi ò sì ní dúró de Four nìyẹn?”

“Kò pọn dandan,” Fọláhàn fèsì. Ojú tì í díẹ̀. “Ó yẹ kí n ti bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe.”

Bàbá ṣì tẹ̀ ba lórí àpótí tó ṣí sílẹ̀ náà. “Èwo wá ni ọpọlọ nínú gbogbo ìwọ̀nyí?” Fọláhàn fi hàn án, lábẹ́ fáànù kékeré kan. Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n dé e títí tó fi yà á sínú ìwé rẹ̀.

Oṣù kan ààbọ̀ ni Hàmdálàt fi to ìwé náà parí, atẹ̀wé kejì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ó gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ fún Bàbá ní Bàríga, Bàbá ṣí i sí ojú ewé àgbìgbò, ó wò ó pẹ́.

“Àgógó rẹ̀ gùn jù díẹ̀,” ó ní. “Èmi ni mo yà á bẹ́ẹ̀.” Ó sì na ọwọ́ mú pẹ́ńsù.